Àwo Tó Yẹ Kó Ṣófo

Kò sí ohun tí obìnrin yìí kì í fura sí. Bí ẹnì kan bá kí i ju bó ṣe yẹ lọ, á bi ara rẹ̀ pé kí ni onítọ̀hún fẹ́ gbà. Bí ẹran bá dínwó, á ní ó ti bàjẹ́. Bó bá wọ́n, á ní olè ni alápatà. Ẹ má tíì dá a lẹ́bi o. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì ló ń bá ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe ìránṣọ ló ń ṣe níbẹ̀. Òun ló ń yẹ aṣọ wò lẹ́yìn tí àwọn aránṣọ bá ti ṣe tiwọn tán. Á nà án, á fà á, á yí inú rẹ̀ síta, á tẹjú mọ́ ojú rírán bí ẹni tó ń wá iná orí lórí ọmọ. Bó bá rí àbùkù, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, á so òwú pupa mọ́ ọn létí, á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í béèrè ẹni tó rán an. Àṣà wọn níbẹ̀ nìyẹn: ẹni tó ni àṣìṣe ni yóò wá gbé e fúnra rẹ̀. Ojú-Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì máa ń dùn mọ́ ọn nínú.

Ọkọ rẹ̀ ń fọ aṣọ ibùsùn ní ilé ìwòsàn ńlá kan, iṣẹ́ òru sì ni. Bí ìyàwó bá ń jáde láàárọ̀, ọkọ ń bọ̀ lọ́nà. Bí ọkọ bá ń jáde nírọ̀lẹ́, ìyàwó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ bàtà. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn o, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń ṣe é. Láàárín ìgbà tí ìyá bá lọ sí ìgbà tí bàbá bá dé, ọ̀dọ̀ Ìyá Onídìrí tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwọn ni ọmọ wọn máa ń jókòó sí. Bàbá ni yóò wá mú un wọlé, tí yóò sì sìn ín dé ilé ìwé kó tó sùn. Bẹ́ẹ̀ ni ayé wọn ṣe ń yí.

Ọmọ náà, ọmọ ọdún méje, Ológoṣẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń ṣà oúnjẹ jẹ bí ẹyẹ. Irọ́ ni, ẹ jọ̀ọ́. Ẹyẹ ń jẹun láàárọ̀. Ọmọ yìí kì í jẹ ẹ́. Á jẹ ti ọ̀sán, á jẹ ti alẹ́, á tún lá àwo. Àmọ́ kí ilẹ̀ ṣáà ti mọ́, kí ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, ẹnu á dì pa.

Ìyá náà ò fọwọ́ lẹ́rán o. Ó se ẹyin, ọmọ ní ó ń rùn. Ó fi ẹ̀pà lílọ̀ ra búrẹ́dì, ọmọ ní ó lẹ̀ mọ́ òun lájà ẹnu. Ó gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ó tò ó sínú àwo bí ojú ẹni tó ń rẹ́rìn-ín; Ológoṣẹ́ wò ó títí, ó ní, "Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?" Ó lọ èso mọ́ wàrà, ó bu oyin díẹ̀ sí i, ọmọ fẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó lọ dúró sójú fèrèsé, ife sì ṣófo. Inú ìyá dùn. Lọ́jọ́ kejì ni òdòdó tó wà lójú fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọ̀ padà.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì náà ṣàlàyé dáadáa: ẹyin dára, ẹ̀wà dára, kí èso wà níbẹ̀, kí wọ́n má fi ṣúgà tan ọmọ, kí wọ́n má bù ú kún àwo, kódà bó jẹ́ oúnjẹ alẹ́ àná ni ọmọ fẹ́ jẹ láàárọ̀, kò burú. Ọ̀rọ̀ kan tún kù tó sọ gbẹ̀yìn, àmọ́ ibi tó ti ń sọ ọ́ ni Ojú-Abẹ́rẹ́ ti rí i pé òwú ti yọ létí ọwọ́ ẹ̀wù nọ́ọ̀sì. Ẹ ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Ibi tí ojú rẹ̀ bá lọ ni etí rẹ̀ ń bá a lọ.

Nígbà tó yá, ó sú u. Ó ní, "Ó dáa. Ebi ni olùkọ́ gidi. Ẹni tí kò bá jẹ tèmi láàárọ̀, kó dúró de ti ọ̀sán nílé ìwé. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fún un ní nǹkan kan láàárín méjì." Ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, ó sọ ọ́ fún Ìyá Onídìrí. Àwọn méjèèjì ní àwọn ti gbọ́.

Ó wá ń retí kí ebi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ebi ò ṣe nǹkan kan. Ọmọ ò rù, kò rọ, kò ráhùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tún ń kún sí i ni. Ẹ̀rù wá ba ìyá, ó gbàyè níbi iṣẹ́, ó lọ sílé ìwé lọ béèrè bóyá òòyì máa ń kọ́ ọmọ náà.

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín. "Òòyì kẹ̀? Òun ló ń kọ́kọ́ nawọ́ tí mo bá béèrè ìbéèrè. Ẹ ń gbìyànjú, mà. Ọmọ tó bá jẹun yó kó tó jáde nílé, ojú rẹ̀ la ti ń mọ̀ ọ́n."

Ojú-Abẹ́rẹ́ dúpẹ́. Ó rìn jáde. Ó dé ìdí igi kan lẹ́yìn ọgbà, ó dúró síbẹ̀. Jẹun yó? Oúnjẹ ta ni?

Háà. Ẹnì kan ń bọ́ ọmọ òun!

Kì í ṣe oúnjẹ ló dùn ún, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń tìtorí rẹ̀ jí kí àkùkọ tó kọ, ni ó ń la ẹnu fún ẹlòmíràn. Ohun tó kọ̀ lọ́wọ́ òun ló ń gbà lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Lónìí oúnjẹ ni; lọ́la ńkọ́? Ó rò ó dé ibi tí ọmọ náà ti dàgbà, tó ti lọ́kọ, tó wá ń pe obìnrin mìíràn ní màmá. Ojú rẹ̀ kún fún omi níbẹ̀, ló bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

Ta ni ì bá tún jẹ́, bí kò ṣe Ìyá Onídìrí? Obìnrin yìí ò lọ́kọ nílé mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ, gbogbo àárọ̀ ni òórùn ẹyin díndín sì ń ti yàrá rẹ̀ jáde. Ẹnì kan ṣoṣo, ẹyin lójoojúmọ́? Ojú-Abẹ́rẹ́ ò gbà.

Àmọ́ kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láìrí ojú ibi tó ya. Ó mú òwú pupa bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ó so ó mọ́ ẹnu ọ̀rá búrẹ́dì, ó so ó mọ́ agolo wàrà, ó so ó mọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó so ó mọ́ àpò ìwé ọmọ pàápàá, tínrín báyìí, tí ẹni tí kò mọ̀ kò lè rí. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á lọ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òwú kankan kì í já. Ohun kan ṣoṣo tí kò so òwú mọ́ ni àwo ńlá tó máa ń bò sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, oúnjẹ tí ọkùnrin náà ń jẹ kó tó sùn. Kí ni ì bá so òwú mọ́ ọn sí? Àwo tó yẹ kó ṣófo ni.

Ó rí nǹkan kan ṣá. Ṣíbí kékeré tí Ológoṣẹ́ ń lò, èyí tó ní ehoro létí, wà nínú abọ́ ìfọwọ́, omi ṣì wà lára rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló nù ún gbẹ láàárọ̀, tó sì gbé e pa mọ́, nígbà tí ọmọ kọ̀ tí kò jẹun.

Ìyá Onídìrí ń wọ ilé òun!

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ọkọ rẹ̀ fẹ́ jáde, ó ń fi ọwọ́ kan di ìbàdí ṣòkòtò mú. Ìyàwó ní kó bọ́ ọ. Ó ti dín in rí, ó tún dín in. Ó na aṣọ náà sójú iná, ó pòṣé.

"Òṣì ni aṣọ yìí. Ó ń fà. Àwọn tó hun ún ò fi òwú gidi hun ún."

"Bóyá bẹ́ẹ̀ ni," ni ọkọ rẹ̀ wí, ó ń wo ògiri.

Inú bí i sí aṣọ náà débi pé kò gbójú sókè wo ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Bí ọkọ ti jáde, òun náà sọdá sí iwájú yàrá Ìyá Onídìrí. Ìyá jókòó sórí àga, orí oníbàárà kan wà láàárín orúnkún rẹ̀, ó ti dì í dé ìdajì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà."

"O ṣé, ìyàwó wa. Ṣé dáadáa lo dé?"

"Dáadáa ni, mà. Mo kàn fẹ́ béèrè nǹkan kan ni. Kí lẹ máa ń fún ọmọ mi jẹ láàárọ̀?"

Ìyàrí dúró nínú irun. "Mi ò fún un ní nǹkan kan. O ní kí n má fún un."

"Òórùn ẹyin máa ń ti yàrá yín jáde, mà."

"Ẹyin tí mò ń dín, ẹnu ara mi ni mò ń gbé e sí. Àbí kí n wá máa gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ kí n tó jẹun?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà. Àmọ́ ṣíbí ọmọ mi lómi lára lónìí, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo nù ún gbẹ láàárọ̀."

"Ẹn-ẹ́n! Mo ti wá di olè ṣíbí lọ́jọ́ ogbó mi!"

Oníbàárà tó wà láàárín orúnkún bú sẹ́rìn-ín, Ìyá Onídìrí sì fa irun rẹ̀ kó lè panu mọ́. Ó wá gbójú sókè wo Ojú-Abẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Gbọ́, ìwọ obìnrin yìí. Láti ìgbà tí o ti wà lóyún ọmọ yẹn la ti jọ ń gbé. Ojú rẹ mú lóòótọ́, àmọ́ kò ríran. Láti ọ̀la lọ, wá ẹlòmíràn tí yóò máa bá ọ ṣọ́ ọmọ."

Ojú-Abẹ́rẹ́ gbé agídí wọlé. Ìgbà tó jókòó ló tó mọ ohun tó ṣe. Ní ilé iṣẹ́ wọn, ẹni tó bá pẹ́ á bá géètì ní títì, àwọn tó sì ń wọ́nà àtigba iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Bí kò bá sẹ́ni tí yóò ṣọ́ ọmọ láàárọ̀, iṣẹ́ ti fẹ́ẹ̀ bọ́ nìyẹn. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò lọ sórí iṣẹ́ tó bó ṣe lọ sórí ṣíbí.

Ilẹ̀ mọ́. Ó se ẹyin, ó gé ọsàn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dúró lé ọmọ lórí, ó ká ọwọ́ gbera. "Jẹ ẹ́."

Ológoṣẹ́ wo ẹyin. Ẹyin wo Ológoṣẹ́.

"Ọ̀fun mi ti dí, màmá."

Ibẹ̀ ni ọkọ bá wọn. Bó ṣe rí ìyàwó rẹ̀ nílé, ó ta gìrì. "Kí ló dé? Ṣé kò sí wàhálà o?"

"Kò sí nǹkan kan. Èmi àti Ìyá Onídìrí ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Mo dúró dè yín."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ó ti rí nǹkan kan. Ọmọ wo bàbá, bàbá wo ọmọ, àwọn méjèèjì sì tún wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Irú ìwò yẹn, bó ti máa ń rí i lójú aránṣọ méjì tí wọ́n jọ mọ ibi tí aṣọ ti ya. Há! Ọkọ òun pàápàá wà nínú rẹ̀!

Ó gbé báàgì kọ́ apá. "Ó dàbọ̀ o." Ó rìn dé géètì, ó ṣí i, ó tì í kó lè dún, ó bọ́ bàtà sọ́wọ́, ó sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn padà gba ẹ̀gbẹ́ ilé dé ojú fèrèsé ilé ìdáná. Odidi obìnrin, ó ń yọ́ bí ológbò nílé ara rẹ̀! Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú kan sí àlàfo.

Ọkọ rẹ̀ ti ṣí àwo ńlá náà. Ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹyin sísè kan lórí rẹ̀, bó ṣe bù ú gan-an. Ó jókòó sórí àpótí kúkurú. Ológoṣẹ́ sáré lọ mú ṣíbí ehoro, ó jókòó sílẹ̀, orúnkún kan orúnkún. Bàbá fi ṣíbí la oúnjẹ náà sí méjì. Ó wò ó, ó tún ti ìlà náà sún mọ́ ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, kí ti ọmọ lè pọ̀. Ó gbé ẹyin sí ọ̀dọ̀ ọmọ.

"Tiyín kéré, bàbá."

"Mo ti jẹun níbi iṣẹ́. Jẹ ẹ́."

Ọmọ sì jẹ ẹ́! Ẹyin tó ń rùn láàárọ̀ yìí kan náà, ó ti gé e jẹ dé ìdajì. Ẹ̀wà ń wọlé, ẹ̀fọ́ ń tẹ̀ lé e. Bàbá ń sọ fún un nípa aṣọ ibùsùn kan tó tóbi débi pé ọ̀gá wọn sọ nù sínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè é kiri, ọmọ sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu.

Lójú fèrèsé, Ojú-Abẹ́rẹ́ ti ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi wọlé. Ọ̀dàlẹ̀! Lẹ́yìn òfin tí òun ṣe! Ibẹ̀ ló wà nígbà tí ọmọ gbẹ́nu kúrò lórí oúnjẹ.

"Bàbá, ẹ má sọ fún màmá o."

"Kí ló dé tí o ò lè jẹ tiwọn? Oúnjẹ kan náà ni. Àwọn náà ló se èyí."

Ológoṣẹ́ rò ó. "Tí wọ́n bá dúró lé mi lórí, ó máa ń ṣe mí bíi pé ṣẹ́ẹ̀tì ni mí. Bíi pé wọ́n fẹ́ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí mi lára."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n fẹ́ràn rẹ ni. Bí wọ́n ṣe ń wo ohun tí wọ́n bá fẹ́ràn nìyẹn." Ó dìde láti bu omi. Bó ti dìde ni ṣòkòtò yọ̀, ó yára fọwọ́ mú un níbàdí, ìbàdí tí ìyàwó dín lánàá. Lókè rẹ̀, ẹ̀wù rọ̀ lára rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́ igi.

Aṣọ kọ́ ló fà.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti kó jọ sẹ́nu Ojú-Abẹ́rẹ́ ló gbẹ. Ó ti ń wá ẹni tó ń yó, kò wá ẹni tí ebi ń pa. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ìbàdí ọkọ rẹ̀, tó sì lọ ń bú ẹni tó hun aṣọ. Ojú tì í. Ó tún rántí ẹnu nọ́ọ̀sì níjọ́sí, bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, tí òun ń wo ọwọ́ ẹ̀wù. Kí lobìnrin náà tilẹ̀ sọ? Kí wọ́n jókòó ti ọmọ. Kí wọ́n jọ jẹ ẹ́.

"Ojú-Abẹ́rẹ́!" Ohùn Ìyá Onídìrí ni, láti iwájú yàrá rẹ̀, ó dún dé òpópónà. "Kí lo sọ nù sójú fèrèsé ilé ara rẹ?"

Kò sí ọ̀nà àbáyọ mọ́, ló bá wọlé pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Ológoṣẹ́ ti fi ṣíbí pa mọ́ sẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ dìde, ó fọwọ́ kan bo ọmọ, ó fọwọ́ kejì di ṣòkòtò mú.

"Ìyá Ológoṣẹ́, ẹ̀bi mi ni o. Má nà án."

"Ta ló fẹ́ na ta?" Ó gbé bàtà sílẹ̀. "Kí lẹ jẹ níbi iṣẹ́?"

Ọkùnrin náà tún ṣòkòtò fà sókè.

"Mo ní kí lẹ jẹ?"

"Tíì."

Ológoṣẹ́ yíjú sí bàbá rẹ̀. "Ẹ ní ìrẹsì lẹ jẹ." Ọmọ náà gbé ṣíbí jáde látẹ̀yìn, ó fi ti ìlà àárín àwo padà, díẹ̀díẹ̀, títí ti bàbá rẹ̀ fi pọ̀ ju tirẹ̀ lọ.

Ojú-Abẹ́rẹ́ fa àga, ó jókòó. Kò jókòó nínú ilé ìdáná yẹn láàárọ̀ rí. Ìdúró ló fi ń mu omi gbígbóná, ìdúró ló fi ń jáde. Ológoṣẹ́ wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó mú ìdajì ẹyin tó kù, ó nà án sí i.

"Màmá, ẹ la ẹnu."

"Èmi? Èmi kì í jẹun láàárọ̀."

Ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu, kò lè pa á mọ́ra, ló bá bẹ́ sẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Mo gbọ́ o!" ni Ìyá Onídìrí ké láti ọ̀ọ́kán. "Gbogbo wa la gbọ́!" Ọmọ ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ṣì na ẹyin náà sílẹ̀, ó ń dúró, ó sì tẹjú mọ́ ẹnu ìyá rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń tẹjú mọ́ tirẹ̀. Kò rọrùn, ẹ gbà mí gbọ́. Ó la ẹnu. Ó jẹ ẹ́.

Ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì dá a dúró sínú oòrùn lẹ́nu géètì kí wọ́n tó ṣí i fún un. Kò sọ ohun tó fà á. Nígbà tó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, kò yà sí ilé rẹ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá Onídìrí ló kọ́kọ́ gbà lọ. Ó ti so òwú pupa mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Kí lèyí tí o so mọ́wọ́?"

"Níbi iṣẹ́ wa, mà, ẹni tó ni àṣìṣe ló ń wá gbé e. Mo wá gbé tèmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ìyá Onídìrí wo òwú náà, ó wo orí rẹ̀. "Mo mọ̀ látọjọ́ yìí. Ọmọ rẹ ló bẹ̀ mí kí n má sọ. Ká ní o béèrè, tí o ò fi ẹ̀sùn kàn mí, bóyá ǹ bá sọ. Dìde. Irun ìpàkọ́ rẹ ti tú. Kí ọmọ náà wá lọ́la."

Ó bá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ máa lọ. Ó ní kó bọ́ ṣòkòtò. Ó jókòó, ó mú abẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ojú rírán tó fi dín ìbàdí náà, ti àná, lẹ́yìn náà ti ìṣáájú. Ọkùnrin náà dúró tì í nínú ìró tó fi bora, ojú ń dà á láàmú.

"Ìyá Ológoṣẹ́, mi ò tíì sanra o. Á já bọ́ lára mi lójú títì."

"Ẹ fi ìgbànú dè é," ni ìyàwó rẹ̀ wí, kò gbójú sókè. "Àyè ni mò ń fi sílẹ̀ dè yín."